Ẹ̀rọ kọ́ ló ń ṣe ìwádìí ọpọlọ o

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ fáwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ ṣe másítáàsì tàbí PhD nínú cognitive neuroscience, ìyẹn ìwádìí bí ọpọlọ ṣe ń ronú, inú mi sì dùn pé ẹ tiẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, torí kì í ṣe nǹkan téèyàn sábà máa ń rí kà lédè wa, àmọ́ ibì kan wà níbẹ̀ tí ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí ẹni tó bá ti gboyè nínú sàíkọ́lọ́jì yáa pa sàíkọ́lọ́jì tì, kó lọ wá yunifásítì tó bá ní ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ tó tóbi jù, pé ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń lọ báyìí. Háà! Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, inú láàbù ni mo wà, mo sì wà lára àwọn tó ń ka lẹ́tà àwọn tó fẹ́ wá kàwé lọ́dọ̀ wa. Irú ìmọ̀ràn yẹn gan-an ló ń jẹ́ ká máa gbé lẹ́tà ọ̀pọ̀ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láì kà á dé ìparí.

Ẹ gbọ́ ná, kí ni iṣẹ́ yìí dá lé gan-an? Ó dá lé bí ọpọlọ ṣe ń rántí nǹkan, bó ṣe ń ríran, bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń fọkàn sí nǹkan kan tó sì ń gbójú fo òmíì, bó ṣe ń ṣèpinnu. Ọ̀nà méjì ló pín sí. Àkọ́kọ́ ni kéèyàn mọ ohun tí ẹni tó ń rántí nǹkan ń ṣe ní ti gidi, kó mọ bó ṣe máa wọ̀n ọ́n, kó mọ bó ṣe máa yà á kúrò lára nǹkan míì tó jọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá béèrè pé apá ibo ló ń ṣe é nínú ọpọlọ àti pé báwo ló ṣe ń ṣe é. Tí ti àkọ́kọ́ ò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìkejì ò lè dúró, bó ti wù kí ẹ̀rọ náà wọ́n tó. Ti àkọ́kọ́ yẹn, sàíkọ́lọ́jì ni o, kò lórúkọ míì.

Àwọn tó sọ iṣẹ́ yìí lórúkọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìparí àwọn ọdún 1970 ni Michael Gazzaniga àti George Miller jọ wà nínú takisí ní New York, ibẹ̀ ni orúkọ cognitive neuroscience ti jáde. Miller yìí, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì pọ́ńbélé ni. Gazzaniga ní tiẹ̀ ti ṣe PhD lábẹ́ Roger Sperry ní yunifásítì Caltech ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1960, ohun tí wọ́n sì ṣe níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí gbogbo ọ̀dọ́ tó ń ka lẹ́tà yìí fara balẹ̀ wò dáadáa. Àwọn aláìsàn kan wà tí wárápá ń dà láàmú débi pé wọ́n ní láti gé àwọn okùn iṣan tó so apá ọ̀tún ọpọlọ mọ́ apá òsì. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yẹn, téèyàn bá bá wọn sọ̀rọ̀, kò jọ pé nǹkan kan ṣe wọ́n. Ni wọ́n bá ní kí aláìsàn tẹjú mọ́ àmì kan láàárín, wọ́n wá fi àwòrán hàn án fìrí lápá òsì, ó yá débi pé ojú ò lè ráyè yí síbẹ̀. Wọ́n bi í pé kí lo rí, ó ní òun ò rí nǹkankan. Wọ́n ní kó fi ọwọ́ òsì wá nǹkan lábẹ́ aṣọ ìbòjú, ọwọ́ ọ̀hún lọ gbé ohun tó wà nínú àwòrán náà gẹ́lẹ́! Ohun tójú rí lápá òsì máa ń lọ sí apá ọ̀tún ọpọlọ, apá òsì ọpọlọ ló sì ń sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọwọ́ òsì wá jẹ́ ti apá ọ̀tún, torí náà apá tó rí i ò lè sọ ọ́, apá tó lè sọ ọ́ ò sì rí i. Sperry gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 1981. Kò sí fMRI, ẹ̀rọ tó ń yàwòrán ibi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, láyé nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe to ìdánwò náà ni gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀.

Àbí ti Brenda Milner ńkọ́? Obìnrin yìí gba PhD nínú sàíkọ́lọ́jì ní yunifásítì McGill ní Kánádà lọ́dún 1952. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni dókítà kan tó ń jẹ́ William Scoville ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wárápá ò jẹ́ kó gbádùn, ó yọ lára ọpọlọ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, níbi tí hippocampus wà, ìyẹn apá ọpọlọ tá a wá mọ̀ pé ó ń bá ìrántí ṣiṣẹ́. Wárápá náà rọlẹ̀, àmọ́ látọjọ́ yẹn ọkùnrin náà ò lè fi ohun tuntun tó ṣẹlẹ̀ sí i sọ́kàn mọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀ tán, ẹ jáde, ẹ padà wọlé, àfi bíi pé kò rí yín rí. H.M. ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, ìgbà tó kú ní 2008 ni wọ́n tó jẹ́ ká mọ̀ pé Henry Molaison lorúkọ ẹ̀. Milner àti Scoville kọ ìwé lórí ẹ̀ ní 1957. Nígbà tó yá, Milner gbé bébà tí wọ́n ya ìràwọ̀ sí fún un, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù àti dígí, ó ní kó tọ ilà ìràwọ̀ náà ṣùgbọ́n inú dígí nìkan ni kó ti máa wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ẹ dán an wò, ó le gan-an. Ọkùnrin yìí ń ṣe é lọ́jọ́ kan sí èkejì, ọwọ́ ẹ̀ ń já gaara sí i, àṣìṣe ẹ̀ ń dín kù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lójoojúmọ́ ló máa ń sọ pé òun ò ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Ọwọ́ rántí, òun fúnra ẹ̀ ò rántí. Ibẹ̀ la ti mọ̀ dájú pé ìrántí kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo, pé èyí tí ọwọ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí téèyàn fi ń sọ pé àná mo lọ síbí. Bébà, pẹ́ńsùlù, dígí. Mo mọ àwọn kan tí wọ́n ní ẹ̀rọ olówó gọbọi tí wọn ò tíì rí nǹkan tó tó ìlàjì ẹ̀.

Mi ò sọ pé ẹ̀rọ ò dáa o, ẹ má ṣì mí gbọ́, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ lọ kàwé lórí ẹ̀ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń rí. fMRI ò rí èrò ọkàn ẹnikẹ́ni, ẹ̀jẹ̀ ló ń rí. Tí ibì kan bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn máa ya wọ ibẹ̀, Seiji Ogawa àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi hàn ní 1990 pé ẹ̀rọ MRI lè rí ìyàtọ̀ ọ́síjìn yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ò wá yára. Ó máa tó nǹkan bíi sẹ́kọ́ǹdù 5 sí 6 kó tó kún dé ibi tó máa kún dé, bẹ́ẹ̀ kẹ̀, láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan èèyàn ti rí ọ̀rọ̀, ó ti kà á, ó ti mọ ìtumọ̀ ẹ̀, ó ti tẹ bọ́tìnì. EEG ní tiẹ̀, ẹ̀rọ tí Hans Berger kọ́kọ́ fi gba iná mànàmáná inú ọpọlọ èèyàn sílẹ̀ ní Jámánì ní 1924, ń yára dé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ǹdù, àmọ́ ìta orí ló ti ń gbọ́ ọ, ó ṣòro fún un láti sọ ibi tó ti ń wá. Ọ̀kan mọ ibo, ọ̀kan mọ ìgbà wo. Èwo lẹ fẹ́ lò? Kò sẹ́ni tó lè dáhùn tí kò bá tíì mọ ohun tó ń wá, torí náà ẹni tó kọ́kọ́ yan ẹ̀rọ kó tó wá ìbéèrè, ó ti gbé ẹrù lé kẹ̀kẹ́ tí ò mọ ibi tó ń lọ.

Ẹ wo bí ẹ̀rọ ṣe máa ń wúlò tí ìbéèrè bá dáa. Eleanor Maguire ní London béèrè ìbéèrè kan tí ọmọdé lè lóye: àwọn awakọ̀ takisí London gbọ́dọ̀ há ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpópónà sórí kí wọ́n tó gba láísẹ́ǹsì, ṣé ìyẹn máa ń hàn lára ọpọlọ wọn ni? MRI lásán ló fi wò wọ́n, èyí tó ń ya bí ọpọlọ ṣe rí, ìwé ẹ̀ sì jáde ní 2000: apá ẹ̀yìn hippocampus wọn tóbi ju tàwọn tí kì í ṣe awakọ̀ lọ, bí wọ́n bá sì ṣe pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó ló ṣe ń pọ̀ sí i. Àwọn kan wá ní bóyá àwọn tí tiwọn ti tóbi tẹ́lẹ̀ ló ń wọṣẹ́ náà. Ó dáa, òun àti Katherine Woollett bá tẹ̀ lé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, wọ́n wò wọ́n ṣáájú, wọ́n tún wò wọ́n lẹ́yìn ẹ̀, èsì ẹ̀ jáde ní 2011 pé àwọn tó yege ni tiwọn dàgbà sí i, tàwọn tó fìdí rẹmi ò kúrò níbi tó wà. Bí wọ́n ṣe ń ronú nìyẹn! Ẹ̀rọ kan náà wà káàkiri ilé ìwòsàn ńláńlá lágbàáyé, ìbéèrè yẹn ni kò sí níbẹ̀.

Tí ìbéèrè ò bá wá sí, ẹja òkú á máa ronú. Òótọ́ ni o, mi ò ṣe àwàdà. Ní 2009 Craig Bennett àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ẹja salmon tó ti kú sínú ẹ̀rọ fMRI, wọ́n ń fi fọ́tò àwọn èèyàn hàn án, wọ́n ń bi í pé kí ló wà lọ́kàn ẹni inú fọ́tò yìí. Wọ́n ṣe ìṣirò ẹ̀ bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe é nígbà yẹn, ibì kan bá tàn yòò nínú ọpọlọ ẹja! Ìdí ẹ̀ ò le. Àwòrán ọpọlọ yìí, ẹyọ kéékèèké ni wọ́n ń gé e sí, wọ́n á wá ṣe ìṣirò lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹyọ bá jẹ́ 100,000, tẹ́ ẹ sì gbà kí àṣìṣe wọlé lẹ́ẹ̀marùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹyọ bíi 5,000 ló máa tàn lásán láìsí nǹkankan níbẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá fi ìṣirò tó yẹ tún un ṣe. Wọ́n fún wọn ní Ig Nobel ní 2012, ìyẹn ẹ̀bùn ìwádìí tó máa ń kọ́kọ́ pani lẹ́rìn-ín kó tó muni ronú.

Ṣé sàíkọ́lọ́jì fúnra ẹ̀ wá mọ́ tónítóní ni? Rárá o. Ní 2015 ọ̀pọ̀ àwọn olùwádìí para pọ̀ tún ìwádìí sàíkọ́lọ́jì 100 ṣe, nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àbájáde tó dúró lórí ìṣirò, nígbà tí wọ́n tún un ṣe, 36 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló tún dúró. Ojú tì wá. Àmọ́ ẹ wo nǹkan tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ, pé òde òní èèyàn ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó gba dátà, àwọn èèyàn ń gbé dátà wọn síta kí ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ń gba èèyàn tó pọ̀ sí i wọlé fún ìdánwò. Ọ̀rọ̀ iye èèyàn yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ ṣe PhD. Ìwé kan jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní 2022 tó fi hàn pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọpọlọ ẹnìkan sí ẹnìkejì ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà nínú ìwà tàbí òye wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ máa nílò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní òun fẹ́ kó èèyàn 30 jọ kóun fi mọ bí ọpọlọ ọlọ́gbọ́n ṣe yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì, kó yáa tètè yí i padà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹni kan náà lẹ máa wò ní ipò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tẹ́ ẹ sì wò ó dáadáa lọ́pọ̀ ìgbà, èèyàn díẹ̀ lè tó. Ẹ ò rí i pé bí wọ́n ṣe to ìdánwò náà ló tún gbé wa padà síbẹ̀.

Ibòmíì tí ìwé ìròyìn yín ti kó nǹkan pọ̀, èyí sì léwu díẹ̀. Ẹ ní ẹni tó bá parí PhD yìí lè máa tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn ò pé tàbí tí ìrònú bá mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. PhD nínú cognitive neuroscience, ìwé ìwádìí ni, kì í ṣe láísẹ́ǹsì láti tọ́jú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fẹ́ tọ́jú èèyàn, clinical psychology ló yẹ kó lọ, tàbí clinical neuropsychology fún àwọn tí ìjàǹbá tàbí rọpárọsẹ̀ ti bá ọpọlọ wọn jà, ìyẹn sì ní iṣẹ́ ìkọ́ra lábẹ́ ọ̀gá àti ìdánwò láísẹ́ǹsì tiẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ oògùn tàbí ṣe psychiatry àti neurology, kó lọ kọ́kọ́ di dókítà oníṣègùn. Mo ti bá àwọn ọmọ tó já sí ọ̀nà tí wọn ò fẹ́ pàdé, ọdún ti lọ, owó ti lọ, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Ó dáa, báwo lèèyàn ṣe wá ń wọlé? Orúkọ yunifásítì kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ wò o, èèyàn lẹ máa wò. Lọ́pọ̀ ibi, ọ̀gá láàbù kan ló máa sọ pé òun fẹ́ yín, òun lẹ sì máa bá gbé fún ọdún tó gùn, tó bá le, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára, torí náà ẹ ka ìwé tó kọ láìpẹ́ yìí, mẹ́ta mẹ́rin, kẹ́ ẹ kọ ímeèlì kúkúrú sí i. Ẹ dákun, ẹ má kọ ọ́ pé "láti kékeré ni ọpọlọ ti ń jọ mí lójú", gbogbo wọn ló ń kọ ọ́. Ẹ má sì kọ ọ́ pé ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún ọpọlọ là ń lò, irọ́ gbuu ni, nǹkan tí ò ju bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ tó sì ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 nínú agbára tí ara ń lò, ṣé ara á máa bọ́ ọ lásán ni? Lẹ́tà tó máa ń jẹ́ ká jókòó dáadáa ni èyí tó sọ pé mo ka ìwé yín lórí oorun àti ìrántí, mo rí i pé ọ̀rọ̀ lẹ fi dán wọn wò, bóyá tó bá jẹ́ ojú èèyàn ni, àbájáde ẹ̀ á yàtọ̀, torí báyìí báyìí. Bí ohun tó sọ ò tiẹ̀ tọ̀nà, a ti rí ẹni tó ń ronú. Kẹ́ ẹ tó gbà láti lọ, ẹ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gá wọn, ẹ bi wọ́n pé ọdún mélòó làwọn tó ti jáde lò, ta lorúkọ ẹ̀ máa ń wà níwájú lórí ìwé, tí ìdánwò bá dàrú kí ló máa ń ṣẹlẹ̀. Tí wọ́n bá ń wo ara wọn lójú kí wọ́n tó dáhùn, ẹ ti gbọ́ èsì.

Ti owó, kúkúrú ni mo máa sọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà èèyàn lè ti digírì àkọ́kọ́ wọ PhD tààrà, ọdún 5 sí 6 ló sábà máa ń gbà, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n sábà máa ń fẹ́ másítáàsì ọdún kan kọ́kọ́, PhD á wá gba ọdún 3 sí 4. PhD tó dáa nínú iṣẹ́ yìí sábà máa ń yọ owó iléèwé kúrò lọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́, á tún fún un lówó ìgbọ́bùkátà, másítáàsì ló sábà máa ń jẹ́ àpò ara ẹni. Lójú tèmi, ẹni tí wọ́n gbà fún PhD láìfún un ní kọ́bọ̀, wọn ò tíì gbà á.

Ẹni tí ò sì ní ẹ̀rọ kankan nítòsí, ẹ má sọ fún un mọ́ pé kò lè bẹ̀rẹ̀. Sọ́fúwíà kan tó ń jẹ́ PsychoPy wà lọ́fẹ̀ẹ́, èèyàn lè fi to ìdánwò tiẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ara ẹ̀. Dátà fMRI àti EEG pọ̀ lórí ìkànnì OpenNeuro, ẹnikẹ́ni lè gbà á, kó fi sọ́fúwíà FSL tàbí èdè kóòdù Python ṣe ìṣirò ẹ̀ láìsan nǹkankan. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, tó mọ ìṣirò sìtátísíìkì dénú, tó lè kọ kóòdù tí ẹlòmíì á kà tí á yé e, ó ti níye lórí lójú wa ju ẹni tó kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ya fọ́tò lọ. Àwọn ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì náà sì jẹ̀bi díẹ̀ ṣá, wọ́n á kó tíọ́rì fún ọmọ títí, wọn ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan dátà títí á fi jáde.

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa lò níbi iṣẹ́ yìí ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ pàápàá. Ó máa lọ nídìí kíkọ fọ́ọ̀mù fún ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ń dán wò, nídìí dídúró de ẹni tó ní òun ń bọ̀ tí ò wá, ẹni tó wá tán tó wá rántí pé irin wà lára òun tí ò lè wọnú MRI, nídìí fífọ dátà tí èèyàn ti mi orí níbẹ̀, àti kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lánàá tí ò ṣiṣẹ́ lónìí. Ẹni tí ìbéèrè ẹ̀ ò wù ú dénú á ti sá kó tó di ọdún kẹta. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó parí ẹ̀ ò di ọ̀jọ̀gbọ́n, àyè ò tó, àmọ́ mímọ bí wọ́n ṣe ń to ìdánwò àti bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò ti fún wọn níṣẹ́ nílé iṣẹ́ dátà, nílé iṣẹ́ oògùn àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe sọ́fúwíà.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Nínú ìwé ìròyìn yín tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì yẹn ṣe kíákíá, torí àsìkò tí wọ́n ń sanwó fọ́ọ̀mù ò jìnnà, ẹnìkan lè ti máa fi owó ẹ̀ ra ọ̀nà tí ò fẹ́. Ìyókù, tí ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ náà bá fẹ́ ká jọ jiyàn lórí ẹ̀, mo ti ṣetán.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ìwádìí ìrántí